Táìlà ní páálí táìlì 38, èmi wọ̀n ọ́n mo rí 29, ẹ bá mi dá sí i

Olùbéèrè, Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín kíákíá torí Sátidé ni mo fẹ́ lọ ra táìlì, owó ti wà lọ́wọ́, owó àjọ ni, mi ò sì fẹ́ kó ṣòfò. Rúùmù méjì àti pálọ̀ la fẹ́ lẹ̀ báyìí, tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti kíṣìn á ṣì dúró ná. Táìlà (ẹni tó ń lẹ táìlì) tí wọ́n júwe fún mi wá wo ibẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó rìn yíká, kò lò tó ìṣẹ́jú 10, ó ní páálí 38, táìlì sẹ̀ńtímítà 40 by 40. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi, ó ní "Mọ̀mí, iṣẹ́ mi ni, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọkàn ò balẹ̀ o.

Mo bá mú tépù ọkọ mi lálẹ́ àná, ọmọ mi obìnrin di etí kan mú mọ́ ògiri, èmi ń fa èkejì lọ. Pálọ̀ gùn ní fíìtì 20, ó fẹ̀ ní 16. Rúùmù kan 12 by 12, èkejì 12 by 10. Ìyẹn 320, 144 àti 120, gbogbo ẹ̀ 584 sikuéà fíìtì. Ara páálí tí mo wò ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ ọ́ pé táìlì 12 ló wà nínú ẹ̀ àti pé ó máa bo 1.92 sikuéà mítà. Mo pín 584 sí 10.764 (iye sikuéà fíìtì tó wà nínú sikuéà mítà kan) kó lè di mítà, ó fún mi ní 54.26, mo tún pín ìyẹn sí 1.92, ó lé díẹ̀ lórí 28, mo pè é ní 29. Kí wá ni páálí 9 tó kù yẹn fẹ́ ṣe?

Ìdí tó fi ń dùn mí ni pé èmi ni mo ra ti kíṣìn ìyá mi nílùú Ondó níjọ́sí, kò tó, mo padà lọ ra páálí méjì sí i ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, orúkọ kan náà ló wà lára páálí, a lẹ̀ ẹ́ tán, igun ibi tí fíríìjì wà wá pọ́n ju ìyókù lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọ ibẹ̀ ni ojú mi ń lọ síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kó dín, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mí jẹun.

Pẹ́ńtà náà tún ní kí n ra bókẹ́ẹ̀tì ọ̀dà méjì, onílítà 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún rúùmù méjèèjì. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Ìbejì, Ìjọ̀kà:
Ẹ má san kọ́bọ̀ fún un o jàre! Páálí 9 kì í ṣe owó kékeré. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń tà á fún ẹlòmíì tí ẹ bá ti yíjú. Ẹ wá táìlà míì.

Bọ̀dá Táìlà, Òkè Àró:
Mọ̀mí ẹ kú ìṣírò, ẹ gbìyànjú gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kan tépù. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lé e lọ. Mo fẹ́ béèrè nǹkan méjì. Pálọ̀ yín yẹn, ṣé ó rí gbọnrangandan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni, àbí nǹkan kan jẹ nínú ẹ̀? Èkejì, ẹ ò ka sikátìn rárá, ìyẹn táìlì tá a máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri yíká, ẹ ò sì fi kinní kan lé e fún èyí tá a máa gé àti èyí tó máa fọ́. Táìlì tó bá kan ògiri, gígé la máa gé e, ẹ̀kù ẹ̀ kì í ṣeé lò tán.

Olùbéèrè, Ọ̀bà-Ilé:
Ha. Bẹ́ẹ̀ ni o, stọ́ọ̀ jẹ nínú pálọ̀ níbi igun kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n tán, 7 by 6. Sikátìn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé jẹ́ fíìtì 4, ẹnu pásééjì 4, ti kíṣìn 3, ti rúùmù kọ̀ọ̀kan 3.

Bọ̀dá Táìlà, Òkè Àró:
Ó dáa, ẹ mú bírò. Stọ́ọ̀ gbé 42 lọ nínú 320, ó ku 278. Ẹ fi 144 àti 120 kún un, 542, tó jẹ́ 50.35 tó bá di mítà. Ẹ fi ìdá 10 nínú 100 lé e fún gígé, ó di 55.4, ẹ pín in sí 1.92, páálí 29. Ẹ rí i pé 29 yín náà ló padà jáde, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan ló lọ bo èkejì mọ́lẹ̀, ká ní pálọ̀ yín ò ní stọ́ọ̀ nínú ni, ẹ̀ bá ti ra èyí tí ò tó.

Sikátìn wá ńkọ́. Ẹsẹ̀ ògiri yíká lẹ máa wọ̀n, ẹ má fi inú ilẹ̀ ṣe é. Stọ́ọ̀ tó jẹ nínú pálọ̀ yẹn ò sì dín ẹsẹ̀ ògiri kù o, torí ògiri rẹ̀ méjì tó yọ sí pálọ̀ gùn bákan náà pẹ̀lú èyí tó gbé lọ, kódà àwa táìlà míì máa ń ṣì í. Torí náà 20 àti 16 lẹ́ẹ̀mejì, 72. Rúùmù ńlá 48, kékeré 44, ó di 164. Ẹ yọ gbogbo ẹnu ọ̀nà tí ẹ kà yẹn, 17, ó ku 147, bíi mítà 45. Táìlì 40 kan, tá a bá gé e sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ga ní sẹ̀ńtímítà 10, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tá a bá tò wọ́n á gùn ní 1.6 mítà. 45 pín sí 1.6, táìlì 29. Páálí méjì àbọ̀ nìyẹn, ẹ ra 3. Àpapọ̀ 32.

Ìyá Ìbejì, Ìjọ̀kà:
32 kì í ṣe 38 náà ṣáá.

Akẹ́kọ̀ọ́ QS (ìṣírò ohun èlò àti owó ilé kíkọ́), FUTA:
Ẹ káalẹ́ Mọ̀mí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wọn rúùmù kọ̀ọ̀kan ní etí méjèèjì, torí ògiri wa kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́, ẹ lè bá fíìtì 12 níbi ilẹ̀kùn kí ẹ bá 12 àti ínṣì 3 lábẹ́ wíńdò, èyí tó gùn jù ni kí ẹ lò. Ẹ má sì lo nọ́ńbà inú plan ilé, wọ́n ti rẹ́ ògiri, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ fi bébà ya ilé náà, kí ẹ kọ nọ́ńbà sára ògiri kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan kan wá ń dà mí láàmú. Ẹ mẹ́nu ba pásééjì. Ta ló fẹ́ lẹ ti pásééjì? Ṣé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ máa fi í sílẹ̀ láàárín pálọ̀ àti rúùmù?

Olùbéèrè, Ọ̀bà-Ilé:
Yéè. Mi ò kà á mọ́ ọn.

Pẹ́ńtà Ondó:
Ẹ jẹ́ n dáhùn ti ọ̀dà. Àǹtí, ṣé wọ́n ti screed ògiri náà, ìyẹn ni pé wọ́n ti pa á kó dán kí ọ̀dà tó kàn án? Tí wọ́n bá ti ṣe é, bókẹ́ẹ̀tì kan tó yín. Ẹ wò ó, rúùmù ńlá yín, ẹsẹ̀ ògiri yíká ẹ̀ jẹ́ 48, tí ògiri bá ga ní fíìtì 10, 480 nìyẹn. Ẹ yọ ilẹ̀kùn, 3 lọ́nà 7, 21, ẹ yọ wíńdò méjì 4 by 4, 32, ó ku 427, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 ní mítà. Kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì, 80. Tí lítà kan bá bo mítà 10 (ẹ wo ara bókẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, ti ọ̀dà kan ju ti èkejì lọ), lítà 8 ló máa gbà. Rúùmù kékeré, lítà 7 lé díẹ̀. Àpapọ̀ ò tó 16, ẹ̀yin náà á rí ẹ̀kù tí ẹ máa fi tún ojú ibi tọ́mọdé bá fọwọ́ pa ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ògiri sìmẹ́ńtì lásán ni, ó máa ń mu ọ̀dà bí ẹni mu omi, pẹ́ńtà yín lè má purọ́. Sílìn ò sí nínú ìṣírò yìí o.

Olùbéèrè, Ọ̀bà-Ilé:
Wọ́n ti screed ẹ̀. Ẹ ṣé gan-an, bókẹ́ẹ̀tì kan ni mo máa rà.

Onítáìlì, Arákàlẹ̀:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ kíṣìn ìyá yín o, mo mọ bó ṣe ń rí lára. Kì í ṣe pé wọ́n fún yín ní táìlì míì, ìgbà tí wọ́n sun ún ló yàtọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí, ẹ máa rí nọ́ńbà shade (ti àwọ̀) tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, nígbà míì pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Gbogbo páálí yín gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà, kí ẹ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀, ẹ má tijú, ẹni tó bá ń bínú sí i, ẹ kúrò níbẹ̀. Kí ẹ sì bá ẹni tó tà á fún yín sọ ọ́ ṣáájú pé èyí tí ẹ ò bá tú, ẹ máa dá a padà. Kí ó kọ ọ́ sí rìsíìtì.

Olùbéèrè, Ọ̀bà-Ilé (ọjọ́ Sátidé):
Ẹ káàsán gbogbo yín. Mo tún wọ̀n ọ́n, pásééjì jẹ́ fíìtì 4 fífẹ̀, 12 gígùn, 48 nìyẹn, pẹ̀lú gígé àti sikátìn ẹ̀ ó gba páálí 3. 32 di 35. Mo wá pe táìlà náà, mo ka gbogbo ẹ̀ fún un lórí fóònù, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní bó ṣe ṣe é gan-an nìyẹn, 35, ó wá fi 3 lé e kí n lè ní ìpamọ́ tí ọ̀kan bá fọ́ lọ́jọ́ iwájú. Mo ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní kò sẹ́ni tó bi òun rí.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ torí mo ti fẹ́ lé e lọ lóòótọ́. A fohùn ṣọ̀kan sí 36. Ẹ̀gbọ́n onítáìlì, mo ṣe bí ẹ ṣe wí, ọmọ mi dúró lẹ́bàá ọkọ̀ ó ń ka nọ́ńbà shade sókè, nígbà tó dé páálí 22 ó kígbe, nọ́ńbà tiẹ̀ yàtọ̀! Méjì ló wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ti gé ẹ̀gbẹ́ páálí kan tó ní nọ́ńbà ọ̀hún lára, mo fi í sínú fáìlì ìwé ilé. Túsìdeè ni táìlà máa bẹ̀rẹ̀, láti pálọ̀.