Kí ló ń yí koríko ilẹ̀ ọ̀dàn padà?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nígbà tí mo lọ sí Òkè-Ògùn, mo rí i pé igi ti ń bo ibi tí koríko nìkan wà tẹ́lẹ̀. Ṣé ojú ọjọ́ tó ń yí padà ni, àbí ọwọ́ ènìyàn?

Àgbẹ̀ Etí-Ọ̀sà: Méjèèjì ni. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń pọ̀ sí i máa ń ran igi lọ́wọ́ ju koríko ilẹ̀ gbígbóná lọ. Nítorí náà, níbi tí màlúù bá ti jẹ koríko tán, tí iná kò sì rí ohun tí yóò jó, igi á borí.

Ìyá Olóko: Àkókò iná náà ṣe pàtàkì, nítorí iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kì í le, ṣùgbọ́n ti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn máa ń pa igi kéékèèké. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, yanrìn tí wọ́n ń dà sí àbàtà láti kọ́lé ni ó ń pa koríko wa, ó sì ń dùn mí gan-an.