Èsì: Kánsẹ́lìn ní Yorùbá – 'ìgbaninímọ̀ràn' ò gbé e, ẹ jẹ́ ká wo 'àbàárò'

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mi ò dá sí i. Fún ẹni tí kò ráyè ka gbogbo rẹ̀: ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí à bá máa pe kánsẹ́lìn ní Yorùbá, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, láti orí ìyálọ́mọ títí dé orí arúgbó. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn dábàá 'ìgbaninímọ̀ràn'. Olùkọ́ kan láti Ìbàdàn ní 'ìtọ́sọ́nà' ló tọ́. Ẹlòmíràn gbé 'ìfọ̀rọ̀lọni' wá. Dókítà wa tó wà ní Houston ní ká fi 'kánsẹ́lìn' sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣebí a ti gba 'dókítà' àti 'nọ́ọ̀sì' wọlé, ilé ò sì wó.

Dókítà, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ 'kánsẹ́lọ̀' ti níṣẹ́ lọ́wọ́ nílé. Òun ni a dìbò yàn ní wọ́ọ̀dù, òun là ń lọ bá bí gọ́tà bá dí. Ìyá mi gbọ́ pé ọmọ àbúrò mi ń lọ rí kánsẹ́lọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní yunifásítì, wọ́n ní ṣé ọmọ náà ti wọ òṣèlú ni.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí fóònù ló pọ̀ jù, láàárín dókítà àti àwọn èèyàn wa. Èmi náà ti lo 'agbaninímọ̀ràn' fún ọdún púpọ̀, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àfi ọjọ́ tí mo ń túmọ̀ fún bàbá kan tí ìyàwó wọn kú (mo ti yí ohun tó yẹ ní yíyí padà, kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀). Bàbá ò rí oorun sùn mọ́, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu wọn. Dókítà ní òun á fi wọ́n ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ pé, 'Wọ́n á fi yín sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn.' Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, 'Ọmọ ọdún mélòó ni?' Mo bi dókítà, ó ní kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín. 'Bá mi kí i, ní mo dúpẹ́. Ẹni tí mo fi ogójì ọdún jù lọ ló fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìyàwó tí mo sin?' Wọn ò lọ.

Ẹ̀bi mi ni. Ọ̀rọ̀ tí mo lò ni bàbá kọ̀.

Nínú èdè wa, bí omi ni ìmọ̀ràn ṣe rí, láti òkè ló ń ṣàn wá sí ìsàlẹ̀. Àgbà ló ń gba ọmọdé nímọ̀ràn, ẹni tó ti rìn ín ló ń gba ẹni tí kò tíì rìn ín. Bí àbúrò bá tiẹ̀ fẹ́ gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nímọ̀ràn, á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kánsẹ́lọ̀ tó mọṣẹ́ kì í sáré sọ ohun tí èèyàn máa ṣe. Láti 1942 ni ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Carl Rogers ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn pé ẹni tí bàtà ń ta ló mọ ibi tó ti ń ta òun, pé iṣẹ́ ẹni tó jókòó tì í ni kó gbọ́ ọ dáadáa títí ọ̀rọ̀ náà á fi là lójú ẹni tó ni ín. Rogers kò tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní aláìsàn.

Ẹ̀gbọ́n ti dáhùn pé 'mọ ọ̀ràn' ló bí 'ìmọ̀ràn', pé ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ̀ràn, ibo ló ti máa mọ̀ ọ́n? Ó dùn mọ́ mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ 'mọ ọ̀ràn' nínú rẹ̀ mọ́? Bí ìyá ọkọ bá ń gba ìyàwó ilé nímọ̀ràn, ṣé ó ti gbọ́ ọ̀ràn kó tó bẹ̀rẹ̀ ni?

Olùkọ́ náà ò jẹ̀bi. Ìbàdàn tí wọ́n ti ń kọ̀wé yìí gan-an ni wọ́n máa ń sọ pé nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà: ní 1959, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, kó àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde jọ láti jẹ́ kí wọ́n mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Nígbà tó fi máa di 1976, àwọn kánsẹ́lọ̀ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Fún irú iṣẹ́ yẹn, 'ìtọ́sọ́nà' bá a mu wẹ́kú. Ọ̀nà wà nílẹ̀, ẹnìkan mọ̀ ọ́n, ó ń tọ́ ọmọ sí i. Bàbá tí ìyàwó rẹ̀ kú ńkọ́? Ọ̀nà wo la fẹ́ tọ́ wọn sí?

'Ìfọ̀rọ̀lọni' dára ju méjèèjì lọ, torí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn ló ń ṣe é. Ohun tí mo rí sí i ni pé 'fi lọ̀' kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Bí ẹnìkan bá fi ilẹ̀ lọ̀ mí, ó fẹ́ kí n rà á ni, n óò sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní Mbare, ní ìlú Harare ní Zimbabwe, dókítà kan tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, Dixon Chibanda, kó ìyá àgbà 14 jọ ní 2006. Ó fẹ́ kí wọ́n máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi nínú ọgbà ilé-ìwòsàn, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo wá bá wọn níbẹ̀. Orúkọ tí ó kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ ni bẹ́ǹṣì ìlera ọpọlọ. Àwọn ìyá àgbà ní kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní chigaro chekupanamazano ní èdè Shona, ìyẹn àga tí a ti ń fún ara ẹni lérò. Ẹ gbọ́ o, 'ara ẹni': ó ń lọ, ó ń bọ̀. Àwọn èèyàn sì jókòó. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára èèyàn 573 ní Harare, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2016, ara àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Orúkọ tí àwọn Shona ń pe àìsàn náà ló jẹ́ kí n fi oorun sílẹ̀. Kufungisisa ni, ríronú jù. Mo ní, àwa náà ní in! Àròkàn ńkọ́? Àwọn àgbà ní àròkàn ló ń fa ẹkún. Inú 'rò' ló ti wá: èèyàn ń dá rò, ó ń dá rò, títí ó fi kan ibi tí kò dáa. Bó bá jẹ́ pé dídá rò ló ń pani, kí ni oògùn rẹ̀ bí kò ṣe kí ẹnìkan báni rò ó?

Ọ̀rọ̀ sì ti wà nílẹ̀: alábàárò. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé kí ló túmọ̀ sí. Ọ̀rẹ́ tí a kì í fi nǹkan pa mọ́ fún ni, ẹni tí a lè pè lóru. Bí a bá yọ 'oní' iwájú rẹ̀ kúrò, àbàárò ló kù, òun ni mo fẹ́ ká máa pe kánsẹ́lìn. Ẹ tún wo 'rò' yẹn dáadáa. Ríronú ni, ṣùgbọ́n òun náà ló wà nínú rojọ́, òun ló wà nínú 'ó rò fún mi'. Ẹni tó ń bá ọ rò ó ń bá ọ ronú, ó sì ń gbọ́ àròyé rẹ. Méjèèjì ni kánsẹ́lọ̀ ń ṣe.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: alábàárò kò kàwé iṣẹ́ kankan, ọ̀rẹ́ lásán ni. Agbẹ̀bí náà kò kàwé kankan nígbà kan. Lónìí, bí a bá ní agbẹ̀bí, a ń rí obìnrin tó wọṣọ funfun ní ilé-ìwòsàn, a sì tún ń rí ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí lábúlé. Ọ̀rọ̀ náà gba àwọn méjèèjì. Èyí tó ṣòro díẹ̀ ni ti àṣírí, torí ẹ̀rù ayé ń bà wá, a kì í finú han ẹnikẹ́ni tán. Mo ti ń kọ ọ́ báyìí: 'alábàárò tí kì í tú àṣírí'. Ó gùn, ṣùgbọ́n ìyẹn ni gbólóhùn tí àwọn èèyàn máa ń ní kí n tún kà.

Mo dán an wò fún bàbá mìíràn, ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ni tiwọn. Mo ní, 'Ẹnìkan wà tó fẹ́ bá yín rò ó.' Wọn ò béèrè ọjọ́ orí. Ọmọdé ò lè gba àgbà nímọ̀ràn kó má rí bí ìwọ̀sí, ṣùgbọ́n ó lè bá àgbà rò ó; ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ti àwọn ìyálọ́mọ le jù. Abísínwín nìkan ni ọ̀rọ̀ tí a jogún, ọ̀rọ̀ ńlá ni, àìsàn tí kò wọ́pọ̀ tó sì burú jáì ló ń tọ́ka sí. Ìyá tó kàn ń sunkún ní gbogbo alẹ́, tí inú rẹ̀ ò dùn sí ọmọ, kò ní orúkọ tí ó lè pe tiẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun ní abísínwín, ló bá ń pa á mọ́ra. Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n gbé jáde ní Edinburgh ní 1987 tí àwọn nọ́ọ̀sì ń bi ìyálọ́mọ. Èyí tó kẹ́yìn ń béèrè bóyá ó ti wá sí i lọ́kàn láti pa ara rẹ̀ lára. Mo ti túmọ̀ rẹ̀ títí mo fi há a sórí. Bí mo bá ti sọ pé wọ́n fẹ́ gbà á nímọ̀ràn, ohun tó ń gbọ́ ni pé kò mọ ọmọ tọ́jú, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀rù á bà á pé ìjọba máa wá gba ọmọ lọ́wọ́ òun, gbogbo ìdáhùn a wá di 'rárá'. Bí mo bá ní wọ́n fẹ́ bá a rò ó, àwọn kan ṣì máa ń ní 'rárá', àmọ́ àwọn mìíràn á mí kanlẹ̀.

Ti ọ̀dọ́ ò gba àkókò wa, wọ́n ti ní 'therapist' kí n tó la ẹnu. Ti tọkọtaya tó ń múra ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi 'ìmọ̀ràn' sílẹ̀ fún wọn, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ lóòótọ́.

Kí n má gbàgbé, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ 'ìlera ọpọlọ' sí iwájú ìwé náà. Láti 1954 tí ilé-ìwòsàn Aró ti wà l'Ábẹ́òkúta, orúkọ àdúgbò yẹn nìkan ti tó èébú lẹ́nu àwọn èèyàn wa, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó gbayì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ṣe níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá, títí ààrẹ fi fọwọ́ sí tuntun ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2023, wèrè ló ń pe àwọn aláìsàn. Ẹni tó bá rí 'ọpọlọ' níwájú ìwé kò ní mú un lórí tábìlì lójú èèyàn. 'Ìbàlẹ̀ ọkàn' ni mo fi síwájú ìwé pélébé tí èmi náà ń kọ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí àbàárò ti já mi kulẹ̀ ni ti ọmọ kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí bàbá rẹ̀ ti lọ sókè òkun kì í bá ẹnikẹ́ni rò ó. Ó ń ya àwòrán ni, ó ń fi bèbí méjì jà, kánsẹ́lọ̀ á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa wò ó. Olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín wọn lójoojúmọ́, kí ni àwọn ọmọ fúnra wọn ń pè é? Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ kan rí: 'àǹtí tó ń bá mi ṣeré'. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé pélébé tèmi máa kúrò lọ́wọ́ mi, ojú ewé ti ọmọdé ṣì ṣófo.