Mo fẹ́ mú màmá mi lọ sí Matanzas ní Kúbà: ṣé oṣù Kẹjọ bójú mu?

Olùbéèrè (London)
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi máa pé ẹni 70 ọdún láìpẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n ṣe fún àwọn ni pé kí n mú àwọn dé Matanzas. Ìjẹ̀ṣà ni wá. Ẹnì kan ló sọ fún wọn pé ìlù Ìjẹ̀ṣà tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Kúbà ṣì ń dún níbẹ̀ dòní. Mo ti rí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Varadero, ìlú etí òkun kan nítòsí Matanzas, tí owó rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an lóṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ máa wà nílé. Orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu, wọn kò sì lè fara da ooru mọ́. Ṣé kí n sanwó?

Ìyá Ìbejì (Toronto)
Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó yín dúró ná. Ó nídìí tí òtẹ́ẹ̀lì fi ń já owó wálẹ̀ lóṣù Kẹjọ. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì líle níbẹ̀. Ooru ọ̀sán máa ń tó 32°C, aṣọ á sì máa lẹ̀ mọ́ni lára. Oṣù Kẹsàn-án ni àwa lọ. Oòrùn ń ràn yòò nígbà tí a jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán. Kó tó di aago mẹ́ta, ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò, mànàmáná ń kọ lójú òkun, wọ́n ní kí gbogbo wa kúrò létí omi. Ọjọ́ mẹ́rin léraléra ni bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni kí ẹ fojú sí. Ọ̀sán á wà ní nǹkan bíi 26, òru ní 18. Màmá á nílò kádígàn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù máa ń ti àríwá wá lásìkò yẹn, òkun á sì ru fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ẹ bá ti rí àsíá pupa létí òkun, ẹ má wọ omi.

Ọmọ Ọbòkun (Madrid)
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Ibi tí ẹ máa sùn ló ká èmi lára. Varadero wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó nà wọ inú òkun bí ìka, Hicacos ni wọ́n ń pè é. Iyanrìn funfun tó gùn tó 20 kìlómítà, ó dùn ún wò. Àmọ́ èèyàn lè lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ kó má gbọ́ ìlù Ìjẹ̀ṣà kankan. Inú ìlú Matanzas gan-an ni kí ẹ sùn sí. Kò jìnnà sí Varadero, ẹ lè lọ ní òwúrọ̀ kí ẹ sì padà nírọ̀lẹ́.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá ti kúrò létí òkun díẹ̀, ilẹ̀ pupa ló tẹ́ lọ salalu, ìrèké sì ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó àwọn èèyàn wa débẹ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́ ní ọ̀rúndún 19. Lukumí ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ní oko ìrèké Triunvirato, ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1843, obìnrin Lukumí kan, Carlota, wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú. Wọ́n pa á, ṣùgbọ́n ère rẹ̀ dúró níbẹ̀ lónìí. Ẹ mú màmá débẹ̀. Ẹ tún lọ sí ilé odi San Severino, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ìtàn òwò ẹrú. Yàrá òrìṣà wà nínú rẹ̀.

Ní ti ìlù, ẹgbẹ́ Iyesá (bí wọ́n ṣe ń pe Ìjẹ̀ṣà níbẹ̀) wà lóòótọ́, àmọ́ ojúbọ ni, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ẹ jẹ́ kí onílé yín bá yín béèrè kí ẹ tó lọ. Nígbà tí mo lọ, màmá àgbà kan da omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní, “Omi tuto, ona tuto.” Mo ní, “Àṣẹ. Omi tútù, ọ̀nà tútù.” Igbá dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó ní kí n tún un sọ.

Ẹ wá ilé tí wọ́n fi àmì búlúù bí ìdákọ̀ró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ló ń yá àlejò ní yàrá. Ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀ nítorí orúnkún màmá, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ní jẹnẹrétọ̀. Iná ń lọ gan-an. Lóṣù Kẹwàá 2024, ibùdó iná kan ní Matanzas yìí ló kọṣẹ́ tí gbogbo Kúbà fi ṣókùnkùn.

Ọ̀rẹ́ Ẹyẹ (Leeds)
Ẹ má gbàgbé gúúsù o. Irà Zapata ni ó tóbi jù ní gbogbo erékùṣù Caribbean. Ọ̀nì wà níbẹ̀, zunzuncito náà wà níbẹ̀, ẹyẹ tó kéré jù láyé, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, ẹ̀fọn kò ní pọ̀ tó ti ìgbà òjò. Bó bá di oṣù Kẹrin, akàn á máa ti inú igbó rọ́ lọ sókun, wọ́n á bo títì Playa Larga sí Playa Girón. Èékánná wọn ló gún táyà wa méjì.

Ẹ fi ihò àpáta Bellamar sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tún kù: bí ẹ bá ń lo pásípọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ bá ti dé Kúbà, ESTA, ìwé àṣẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọ Amẹ́ríkà láìgba físà, kò ṣiṣẹ́ fún yín mọ́. Físà ni ẹ máa lọ gbà.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ìsinmi half-term oṣù Kejì ni mo wá fojú sí, ọjọ́ 9 gbáko bí a bá ka òpin ọ̀sẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn. Inú ìlú la máa sùn. Mo ka ọ̀rọ̀ omi tútù yẹn sétí màmá. Wọ́n ní kí n tún un kà, lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ yàrá lọ wá aṣọ òfì wọn.