Alẹ́ tí a wo Sidney Poitier ní ilé ìkàwé àdúgbò wa

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé ní Chicago, ṣùgbọ́n ìgbà tí Sidney Poitier, òṣèré fíìmù nnì, jáde láyé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni mo tó mọ bí àwọn àgbàlagbà àdúgbò wa ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ilé ìkàwé tó wà nítòsí wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù rẹ̀ han gbogbo ará àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á sún tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, àwọn màmá á sì gbé kéèkì àti gúgúrú wá láti ilé.

Lilies of the Field ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, fíìmù tí ó sọ ọ́ di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba Oscar olú-òṣèrékùnrin, ní ọdún 1964. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ti ọ̀sẹ̀ kejì ni kò kúrò lọ́kàn mi.

In the Heat of the Night ni a wò lọ́jọ́ náà, èyí tí ó jáde ní 1967. Poitier ṣe Virgil Tibbs, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti Philadelphia, ẹni tí àwọn ọlọ́pàá ìlú kékeré kan ní Mississippi mú ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n sì fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn kìkì nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí owó wà lápò rẹ̀. Mo ti dá fíìmù náà wò rí lórí fóònù mi, ìtàn bí wọ́n ṣe wá apànìyàn rí ni mo sì kà á sí.

Nígbà tí Tibbs wọ inú ilé onígíláàsì tí Endicott, òyìnbó olówó olóko òwú, gbin òdòdó sí, màmá tó jókòó tì mí di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ó ń bọ̀.” Endicott gbá Tibbs létí, kò tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀ tí Tibbs fi gbá tirẹ̀ padà. Ìránṣẹ́ dúdú tí ó gbé ohun mímu dání dúró, ó ń wò wọ́n. Ilé ìkàwé hó yèè! Àwọn kan dìde, bàbá kan lẹ́yìn ń pariwo pé kí ó tún un gbá. Orí mi wú, mo rántí bí a ṣe máa ń dá àwọn òṣèré lóhùn nígbà tí ẹgbẹ́ Ògúndé bá wá ṣeré ní ìlú wa.

Ṣùgbọ́n màmá yìí kò pariwo. Ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni òun nígbà tí òun kọ́kọ́ wò ó, àti pé lọ́jọ́ náà gbogbo ilé sinimá pa lọ́lọ́ ná, tí olúkúlùkù ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá òyìnbó wà nítòsí, kí wọ́n tó bú sí ẹ̀rín ayọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó darí ètò ṣàlàyé pé Sparta, ní Illinois tiwa níbí, ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà, nítorí Poitier kò fẹ́ lọ sí ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí Mississippi wà. Ìdí ni pé ní 1964, nígbà tí òun àti Harry Belafonte, olórin ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbé àádọ́rin ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ fún àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní Greenwood, Mississippi, àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń dúnkookò mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, fi ọkọ̀ lé wọn lóru. Màmá náà mi orí, ó ní ẹ̀rù irú wọn ni bàbá òun ṣe kó ìdílé wọn kúrò ní Mississippi wá sí Chicago.

Wọ́n tún sọ bí Poitier ṣe ti Bahamas dé pẹ̀lú ohùn erékùṣù rẹ̀, tí ẹgbẹ́ eléré kan lé e jáde, tí ó sì ń fetí sí rédíò lójoojúmọ́ títí ohùn rẹ̀ fi yí padà. Èmi tí wọ́n máa ń ní kí n tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì níbi iṣẹ́, omi bọ́ lójú mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo tètè dé, síbẹ̀ màmá ti ṣáájú mi. Ó ti fi báàgì rẹ̀ gba àga sílẹ̀ fún mi lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.