Fífọ̀ ń mú òjé kúrò lára ẹ̀fọ́, kò rí cadmium mú

Ẹni tó bá ń jẹ ohun tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin tàbí tó ń ṣe bátìrì, kó kọ́kọ́ bèèrè mẹ́tàlì olóró tó wà níbẹ̀, bóyá òjé ni tàbí cadmium. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ oúnjẹ yàtọ̀ síra, ọgbọ́n tí a fi ń dènà wọn náà sì yàtọ̀.

Òjé kì í fi bẹ́ẹ̀ gba gbòǹgbò gòkè. Eruku rẹ̀ ló ń bà lé ewé, tàbí kí òjò ta erùpẹ̀ sí i. Ẹ wo ìdí ewé, níbi tó ti so mọ́ igi rẹ̀: erùpẹ̀ tó há síbẹ̀ ni wàhálà. Ẹ já ewé ìta dànù, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ èyí tó kù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ bu fínígà sí (fínígà 1 sí omi 100), kí ẹ tún ṣàn án. Kárọ́ọ̀tì àti irú rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó bó o. Bí ẹ bá kọ́kọ́ bó o, ọ̀bẹ yóò kó erùpẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Ti cadmium le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbòǹgbò ló ń fà á, inú ewé gan-an ló ń lọ, kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́ jáde. Iná kì í sì í pa mẹ́tàlì. Ilẹ̀ tó kan (tó ní ásíìdì) ló ń tú u sílẹ̀ fún gbòǹgbò, ìdí nìyẹn tí a fi ń da ẹfun (lime) sí ilẹ̀ títí pH, ìyẹn òdiwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, yóò fi tó 6.5 sí 7. Oko ìrẹsì tiẹ̀ tún lọ́jú pọ̀: bí omi bá kún un, arsenic (májèlé mìíràn tó máa ń wà nínú ilẹ̀) tú, cadmium há, bí ẹ bá fa omi gbẹ, cadmium tú, arsenic há. Ní ẹ̀bá odò Jinzu ní Japan, omi tó ti ibi ìwakùsà wá ni wọ́n fi ń rin oko ìrẹsì. Egungun àwọn àgbà obìnrin rọ̀, kíndìnrín wọn bàjẹ́. Igbe ìrora wọn ni wọ́n fi sọ àìsàn náà lórúkọ, itai-itai. Ní 1968 ni ìjọba ibẹ̀ gbà pé cadmium ló fà á.

*

Kí n fi ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ilẹ̀ kún un. Irinṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń ba èsì jẹ́: ṣọ́bìrì tàbí bákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi zinc bò ń ta mẹ́tàlì sí erùpẹ̀. Ike tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Ẹ gbẹ́ 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà ní ojú ibi 10 ó kéré tán, ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ bu bí ìdajì kílò, ẹ sá a sí ibi tí atẹ́gùn wà. Apá tó kángun sí ọ̀nà tàbí ògiri tí ọ̀dà àtijọ́ ń bó lára rẹ̀, ẹ bu tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá pò ó mọ́ ìyókù, ibi tó burú yóò fara pamọ́.

Tó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ lẹ gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò, ẹ bèèrè bóyá tútù ni wọ́n wọ̀n tàbí gbígbẹ. Òdiwọ̀n Codex (àjọ àgbáyé tó ń ṣe òfin oúnjẹ) fún ẹ̀fọ́ eléwé jẹ́ 0.3 mg òjé àti 0.2 mg cadmium nínú kílò kan, tútù ni. Omi pọ̀ nínú ewé débi pé iye ti gbígbẹ lè tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ìbẹ̀rù asán pọ̀ níbẹ̀.

*

Ní ti ara èèyàn: ẹ̀jẹ̀ la fi ń wá òjé. Ìtọ̀ la fi ń wá cadmium tó ti pẹ́, torí ó lè lo ọdún 10 sí 30 nínú kíndìnrín. Ìtọ̀ náà ni ti arsenic, àmọ́ kí onítọ̀hún má jẹ ẹja àti edé òkun fún ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Arsenic tinú ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, síbẹ̀ yóò gbé iye náà sókè.

Ọmọdé ń fa òjé tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbà, pàápàá tí ayọ́ọ̀nù (iron) àti kálísíọ́mù kò bá tó lára rẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti fi 5 µg/dL hàn, WHO ní kí a wá ibi tó ti ń wọlé, kí a sì dí i. Ẹ má sáré ra oògùn tó ń fa mẹ́tàlì jáde. Dókítà ló ń fúnni, kò sì wúlò bí ọmọ náà bá ṣì ń jẹ nínú oko kan náà.