Ta ló ti fi ewúro sílẹ̀ kó yọ òdòdó rí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Ẹsẹ̀ ń dùn mí lọ́dún tó kọjá, mi ò ráyè gé ewúro ẹ̀yìnkùlé, ìgbà tí ọyẹ́ máa fi dé ó ti ga ju fẹ́ǹsì lọ, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ bò ó, òórùn ẹ̀ bíi lọ́fínńdà, oyin wá ń kùn lórí ẹ̀ látàárọ̀. Ewúro tó korò yìí! Ta lojú ẹ̀ ti rí i bẹ́ẹ̀ rí?

Ọmọ Àgbẹ̀: Orí ẹ̀ka ló ti ń yọ òdòdó, orí ẹ̀ka náà la sì ń gé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ibo ló ti fẹ́ ráyè yọ ọ́. Mẹ́ta ni mo ní, méjì fún ọbẹ̀, ọ̀kan mi ò fọwọ́ kàn án. Labalábá tó ń bà lé ọ̀kan yẹn pọ̀.

Màmá Tọ́pẹ́: Oyin, nílé tọ́mọ kékeré wà? Láéláé.

Ìyá Ìbejì: Màmá Tọ́pẹ́, oyin tó ń jẹun kì í wájà, ilé ẹ̀ ló ń jà lé lórí. Abẹ́ ẹ̀ làwọn ìbejì ti ń ṣeré.

Alákòko: Akòko ni tèmi, ẹ kàn ki igi ẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ti hù nìyẹn. Ẹyẹ kékeré kan tó ń dán, tẹ́nu ẹ̀ gùn tó tẹ̀, ló máa ń wá ki ẹnu bọnú òdòdó ẹ̀. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún èèrà.

Ṣẹ́gun: Ewé Akíntọ́lá ló ń fa labalábá jù, ó sì ń dá hù.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ìyẹn kì í ṣe tiwa! Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, tó bá ti wọ oko kì í jẹ́ kí nǹkan mí-ìn rímú mí. Tata gan-an fẹ́ràn òdòdó ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bọ́ sórí ẹ̀gẹ́ ẹni.

Màmá Tọ́pẹ́: Akíntọ́lá bawo? Ewé Awólọ́wọ́ là ń pè é.

Ṣẹ́gun: Akíntọ́lá ni o.

Àbíkẹ́: Ewé kan náà ni, orúkọ méjì. Òun ni bàbá mi fún sójú ọgbẹ́ lọ́jọ́ tí àdá ṣá wọn lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dá.

Alákòko: Ṣé ewúro là ń sọ àbí òṣèlú 😂

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà mí o, bàbá wọn ti gé ìdajì ẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ó ti di igbó. Oyin ṣì ń pòyì níbi tí òdòdó wà tẹ́lẹ̀, ó dùn mí gan-an.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má dà á nù, ẹ gé igi ẹ̀ kéékèèké kẹ́ ẹ gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ẹ máa bomi rin ín títí òjò á fi dé.