Orúkọ ọmọ tó ní òkè nínú, ẹ gbà mí o

Ìyàwó_Ìbarà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ, skáànì ní obìnrin ni, mo sì ti pinnu pé orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ ibi gíga torí orí Olúmọ lọkọ mi ti dẹnu kọ mí, ó kọ̀ ká gba lífíìtì, àtẹ̀gùn la gùn títí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìgbà yẹn ló wá rójú sọ̀rọ̀ ìfẹ́ 😂. Mo wá tẹ "Oke" sórí Wátsáàpù ìdílé, láìfi àmì sí i, pé ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, ni ìyá ọkọ mi bá fi fóìsì ránṣẹ́: "Ṣé ẹ ti mọ̀ pé inú àpò ló máa ti jáde ni?" Ó kàn ń rẹ́rìn-ín, kò ṣàlàyé. Kí ni mo sọ tó burú?

Aláàdìrẹ_Ìtòkú
Hahaha, Ọ̀kẹ́ ni màmá kà á sí. Ọmọ tó bá wáyé tòun ti àpò tí kò bẹ́ ló ń jẹ́ Ọ̀kẹ́, àmútọ̀runwá ni, èèyàn ò lè jókòó sílé kó máa yàn án. Tó bá sì jẹ́ Òkè náà lo ní lọ́kàn, jọ̀ọ́ má ṣe é, wọ́n á pè é ní ará òkè ní sùkúù títí á fi jáde ìwé mẹ́fà.

Baba_Láfẹ́nwá
Àwa kì í sábà dá òkè pè bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń rìn lọ sókè la máa ń lò. Adégòkè, Ọlágòkè, Akíngòkè. Bí Adé bá máa ṣíwájú, bi bàbá ọkọ ẹ léèrè kọ́kọ́, ilé ọba ló ni ín tẹ́lẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la ti ń jẹ́ ẹ báyìí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni lékè. Gígòkè, ọ̀nà ló ṣì wà, àmọ́ ẹni tó lékè ti débẹ̀, ó ti borí. Ọlálékè, Ayọ̀lékè, ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, obìnrin ń jẹ́ ẹ. Gbénga náà ńkọ́? Olúgbénga, Olúwa gbé mi ga, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló pọ̀ nídìí ẹ̀.

Ìyá_Ráfíù
Ẹ má gbàgbé tiwa o. Ẹni tá a gbé ga ni Ráfíù, obìnrin ẹ̀ ni Ráfíátù. Àlíù náà, ẹni gíga ni.

Tísà_Pánṣẹ́kẹ́
Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ sọ tiẹ̀ ní Sharon, ó ní òkè inú Bíbélì ni. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Ṣárónì! Ọkọ ẹ̀ wá ní kó jẹ́ Everest, mo ní orúkọ òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ ní Íńdíà nìyẹn, George Everest, 1865 ni wọ́n fi sọ òkè yẹn lórúkọ, kò ní ìtumọ̀ òkè kankan nínú. Wọ́n padà sọ ọmọ ní Gbémisọ́lá.

Ìyàwó_Ìbarà
Ẹ ṣeun gan-an. Ọkọ mi ti mú Ọlálékè. Màmá ní Ráfíátù náà máa wọlé torí Mùsùlùmí ni ìyá tó bí àwọn, mo ti gbà. Ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà kí skáànì má purọ́.